Mo Kọ Ọkọ̀, Mi Ò Kọ Ọkọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Mọ́tò Tuntun Tó Lábùkù Padà ní Ìlú Ọba

Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi lórí fóònù pé mo ti kọ ọkọ̀, igbe ló fi bọnu. "Ẹ̀gbọ́n mi! Kí ni Bọ̀dá ṣe fún yín?" Mo ní kó fara balẹ̀ gbọ́ ohùn mi dáadáa: ọkọ̀ ni mo wí, mi ò wí ọkọ. Ọkọ mi jókòó sí iwájú mi níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà. Mọ́tò ni mo dá padà fún àwọn tó tà á fún mi, mọ́tò tuntun tí mi ò tíì lò pé oṣù kan.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n dá owó yín padà?" Òótọ́ ni. Kí n má baà máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlú Ọba níbí ni ọ̀rọ̀ mi wà o. Àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà ní tiwọn, òfin tí wọ́n sọ ní "lemon law", bí ẹni pé mọ́tò tó lábùkù ti kan bí ọsàn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó ń lò, iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ni wọ́n sì sábà máa ń dojú kọ níbẹ̀. Tibí yàtọ̀. Níbí, ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín lẹ máa dojú kọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fẹ́ já mi sílẹ̀.

Thamesmead ní London là ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, ọsibítù wa sì wà ní òdìkejì odò Thames. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọjọ́ Sátidé, la lọ gbé mọ́tò náà, àwo nọ́mbà "24" ti ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Mo san £2,000 sílẹ̀, mo wá ń san £312 lóṣooṣù. Ọlọ́mọge aláwọ̀ funfun kan wé rìbọ́ǹnì pupa mọ́ ọn lórí, wọ́n yà wá ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi, inú máa ń bí mi tí mo bá rí i.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀. Tí iná ojú ọ̀nà bá yọ̀ǹda, tí mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, mọ́tò náà á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń ronú, á wá fò síwájú gbì. Gíá ẹ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tọ́mátíìkì òde òní. Ọkọ mi ní kò tíì mọ ẹsẹ̀ mi ni, pé á tú ara ẹ̀ ká tó bá yá. Ẹ má bá a wí. Inú tòkunbọ̀ la gbé dàgbà, ariwo mọ́tò kì í bà wá lẹ́rù. Peugeot 504 bàbá mi n'Íbàdàn, àwa ọmọ la máa ń tì í láràárọ̀ kó tó gbéná, a ò sì pe ìyẹn ní àbùkù, iṣẹ́ àárọ̀ wa ni. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ mi ní òun mọ mẹkáníìkì kan ní Peckham, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọwọ́ ẹ̀ dára, á bá wa tú u wò ní £60.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ọ̀hún rìnrìn àjò. Ká ní ó fọwọ́ kàn án, àwọn tó tà á fún wa ì bá sọ pé òun ló bà á jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rèé: bí mọ́tò tuntun bá ń ṣe ségesège, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bóòtì kan lára ẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Mo ra ìwé kékeré kan, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. Ìgbàkígbà tó bá ti ta mí, mo máa ń wá ibi dúró sí, mo sì máa ń kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, iye máìlì tó wà lórí dáṣíbọọ̀dù, bóyá òjò ń rọ̀, bóyá mo ti wà á jìnnà. Bí iná kan bá tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, mo máa ń yà á ní fọ́tò. Ọmọ mi kan tiẹ̀ yà á ní fídíò láti ẹ̀yìn, ẹ gbọ́ ohùn mi nínú ẹ̀ tí mo ń pe Jésù.

Òfin tó wà lẹ́yìn yín ń jẹ́ Consumer Rights Act 2015. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ọjà tí ẹ bá rà lọ́wọ́ oníṣòwò gbọ́dọ̀ dára tó bí owó tẹ́ ẹ san ṣe tó, ó gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún ohun tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ rà á, ó sì gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀ mu. Mọ́tò tuntun tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níbi iná ojú ọ̀nà ò dára tó owó ẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ọjọ́ ló wá kù, ibí ni kẹ́ ẹ sì ti fara balẹ̀ kà á. Láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́, ẹ lè dá mọ́tò náà padà kẹ́ ẹ sì gba gbogbo owó yín, wọn ò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nítorí pé ẹ ti gùn ún. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e ni ẹ ó kà sí ọjọ́ kìíní. Tèmi, ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀tọ́ yìí, ẹ̀yin lẹ ó fi hàn pé àbùkù wà lára ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo ìwé àkọsílẹ̀.

Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti kọjá, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan o. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta, kì í ṣe ìgbà tó bá wù wọ́n. Bí àtúnṣe kan ṣoṣo yẹn ò bá yanjú ẹ̀, ẹ lè dá a padà, tàbí kẹ́ ẹ fi sọ́wọ́ kí wọ́n sì dín owó ẹ̀ kù fún yín. Àmọ́ lásìkò yìí, wọ́n lè yọ owó ìlò, ìyẹn iye tí máìlì tẹ́ ẹ ti rìn bá jẹ. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé bí àbùkù bá jáde láàárín oṣù mẹ́fà, òfin gbà pé ó ti wà lára ẹ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e. Àwọn ló kù sí lọ́wọ́ láti fi hàn pé kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹrù ẹ̀rí padà sórí yín. Ẹ ṣì lè jà fún un títí di ọdún mẹ́fà ní England, ọdún márùn-ún ní Scotland, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á pọ̀.

Mi ò mọ ìkankan nínú èyí nígbà tí mo gbé e lọ bá wọn ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta. Mo ń bẹ̀ wọ́n ni! "Please, help me look at it." Àṣà ilé ò tíì kúrò lára mi, bí ẹni tó gbé ọjà tí kò dára fún èèyàn tún ṣe é lóore. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Ọdún Àjíǹde bọ́ sáàárín, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ni mo tó rí i gbà. Wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ làwọn tún ṣe.

Ohun méjì ni mo ṣe dáadáa nígbà yẹn, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ àṣèèṣì. Mo kọ̀, mi ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fún mi ní ìwé tó sọ ohun tí mo mú ẹjọ́ ẹ̀ wá, ohun tí wọ́n ṣe sí i, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde àti iye máìlì. Ẹni tó wà lórí káńtà ní kò pọn dandan. Mo ní tèmi pọn dandan. Èkejì ni pé mo gbà kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ ò tíì pé, mo sì rò pé mo ti pàdánù ẹ̀tọ́ mi. Àṣé aago dúró ni. Gbogbo ọjọ́ tí mọ́tò bá fi wà lọ́dọ̀ wọn fún àtúnṣe kì í sí nínú ọgbọ̀n ọjọ́ yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á padà ni kíkà á tún bẹ̀rẹ̀, bó bá sì ṣẹ́ kù díẹ̀, ó kéré tán, ẹ ó ní ọjọ́ méje láti wò ó bóyá ó ti san. Ìwé tí mo fi agídí gbà yẹn ló sì wá fi hàn iye ọjọ́ tí aago fi dúró.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, Fúráìdé, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Inú Blackwall Tunnel ni mo wà, ihò tó gba abẹ́ odò Thames kọjá. Àwọn tó mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kò sí ibi tí èèyàn lè yà sí. Iná pupa tàn, agbára kúrò lára mọ́tò, ó kọ̀ kò kọjá máìlì 20 láàárín wákàtí. Fèrè ń dún lẹ́yìn mi láti inú ihò yẹn bí ìgbà tí ọ̀run ń ya. Nígbà tí mo jáde sí ìmọ́lẹ̀, mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta epo, mo pa iná mọ́tò, mo jókòó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ síta pé, mi ò ṣe mọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí mo dé yìí, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́. Ímeèlì dára torí ọjọ́ àti aago wà lórí ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́mbà mọ́tò, nọ́mbà àdéhùn yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e, àbùkù ẹ̀ àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ gbólóhùn kan yìí bó ṣe wà: "I am rejecting the vehicle under the Consumer Rights Act 2015." Ẹ má kọ pé inú yín ò dùn, ẹ má kọ pé ẹ máa fẹ́ kí wọ́n ronú sí i. Ọ̀rọ̀ ìbínú ò wúlò níbẹ̀. Èmi kọ́kọ́ kọ ojú ewé mẹ́ta, ọmọbìnrin mi tó ń kàwé lọ́yà gé e kù sí ìlà mẹ́jọ. Ẹ ní kí wọ́n wá gbé mọ́tò wọn. Tó bá jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ ti rà á ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ dá a padà sí, ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú àdéhùn.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ má gùn ún mọ́ bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Bí ẹ bá ń sọ pé ẹ ti kọ nǹkan, tẹ́ ẹ sì ń gbé e lọ sí òde ìgbéyàwó ní Dagenham lọ́jọ́ Sátidé, ta ló máa gbà yín gbọ́? Mo páàkì í síwájú ilé, mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth láti Abbey Wood. Mo ṣì ń san owó orí ẹ̀ àti owó ìbánigbófò torí títì ìjọba ló wà.

Àwọn tó ta mọ́tò dáhùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èsì wọn tẹ́lẹ̀ torí àwọn tó bá mi sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kan náà ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà àwọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní wáráǹtì ọdún mẹ́ta wà lórí ẹ̀, kí n bá àwọn tó ṣe mọ́tò sọ ọ́. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ fún àwọn láyè ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ wáráǹtì yìí ló máa ń mú àwa èèyàn jù. Wáráǹtì jẹ́ ìlérí tí iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò fínnúfíndọ̀ ṣe. Ẹ̀tọ́ tí òfin fún yín wà lọ́tọ̀, ọrùn ẹni tó tà á fún yín ló sì wà. Ẹ lè lo wáráǹtì bó bá wù yín, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè fi bo ẹ̀tọ́ yín mọ́lẹ̀.

Ta wá ni ó tà á fún yín? Èyí ya èmi alára lẹ́nu. Bí ẹ bá fi fáínáǹsì rà á, PCP tàbí hire purchase tí ẹ ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, àwọn tó wé rìbọ́ǹnì mọ́ ọn kọ́ ló tà á fún yín. Iléeṣẹ́ tó san owó lorí yín ló ra mọ́tò náà, òun ló ni ín títí ẹ ó fi san tán, òun ni òfin sì mú. Ọmọbìnrin mi ti ní kí n fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sáwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, Ọlọ́run á tọ́ ọ. Iléeṣẹ́ fáínáǹsì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fún yín lésì tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá láìsí ohùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti iléeṣẹ́ owó. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò nílò lọ́yà. Àmọ́ ẹ ní oṣù mẹ́fà péré láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi èsì tó kẹ́yìn náà ránṣẹ́ sí yín. Bí ombudsman bá dá ẹjọ́, tí ẹ̀yin sì gbà á, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbà á ni.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ máa san owó oṣooṣù yín. Mo mọ̀ pé ó dunni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dá a dúró, wọ́n á kọ ọ́ sórúkọ yín pé ẹ jẹ gbèsè, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yáwó ilé, ìyẹn lẹ ó bá pàdé.

Láàárín oṣù Karùn-ún, iléeṣẹ́ fáínáǹsì rán ẹnjiníà kan wá, ọ̀gbẹ́ni kan tí irun ẹ̀ ti ń funfun, ó gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ dání. Ó so wáyà mọ́ abẹ́ sítíárì, kò rí nǹkan kan. Ó wà á yí àdúgbò wa ká fún bí ogún ìṣẹ́jú, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mọ́tò yẹn ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ aláìgbọràn tí àlejò wọlé bá. Ó ti mú bírò, ó ń kọ "no fault" bọ̀. Mo ṣí ìwé mi. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo kọ sínú ẹ̀, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ jẹ́ ìgbà tí mọ́tò ti gbóná tàbí tí mo wà lórí òkè. Mo fi hàn án. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gun Shooters Hill.

A gùn ún. Iná mú wa lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ akérò kan dúró sí ẹ̀yìn wa. Iná yí padà, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Mọ́tò ò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, dẹ́rẹ́bà akérò fọwọ́ lé fèrè, ó wá fò síwájú gbì! Bírò ọ̀gbẹ́ni náà bọ́ sábẹ́ síìtì. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè kọ síbí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Right."

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ni lẹ́tà wọn dé. Wọ́n fopin sí àdéhùn náà, wọ́n dá £2,000 padà pẹ̀lú owó oṣù méjì tí mo ti san, £2,624 lápapọ̀, wọ́n sì fi £150 lé e fún ìyọlẹ́nu. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ yọ owó ìlò. Mo fi ìwé àtúnṣe yẹn ránṣẹ́, mo ka ọjọ́ fún wọn: aago dúró ní ọjọ́ 27, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3, nígbà tí mo kọ ímeèlì ní ọjọ́ 12, ọgbọ̀n ọjọ́ mi ò tíì tán. Wọn ò jiyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi káàdì ìyáwó san, ẹ ní ọ̀nà tiyín: section 75 nínú Consumer Credit Act 1974. Bí iye owó mọ́tò bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, báńkì tó ni káàdì yẹn jọ ń ru ẹrù pẹ̀lú ẹni tó tà á, kódà kó jẹ́ owó ìsílẹ̀ £500 péré lẹ fi káàdì san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ san owó gidi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó tà á lẹ máa bá fà á; ẹ wò ó bóyá ó wà lábẹ́ The Motor Ombudsman, àwọn tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti àwọn tó ń ta mọ́tò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòtù kékeré ń gbọ́ ẹjọ́ tí kò ju £10,000 lọ ní England àti Wales. Èyí tẹ́ ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fojú rí ẹni tó tà á, ẹ ní ọjọ́ 14 láti sọ pé ẹ ń dá a padà, láì sọ ìdí kankan.

Alòkù ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọwọ́ oníṣòwò lẹ ti rà á, òfin kan náà ni, àmọ́ wọ́n á wo ọjọ́ orí ẹ̀ àti iye tẹ́ ẹ san, ẹ ò lè ra èyí tó ti lo ọdún méjìlá kẹ́ ẹ máa retí pé kó rí bí tuntun. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹnìkan lásán ni, ààbò yín kéré gan-an. Ohun tó sọ nípa ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, ìyẹn ni. Ṣùgbọ́n bọ̀dá tó ń ta mọ́tò mẹ́ta mẹ́rin lóṣù nínú ọgbà ilé ẹ̀, tó ń sọ pé "ti ìyàwó mi ni", oníṣòwò ni lójú òfin, bó ti wù kó pe ara ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé e, ẹ yà á ní fọ́tò yíká, ẹ ya iye máìlì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó wá gbé e fọwọ́ síwèé pé òun gbà á pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Ẹ sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, pé ó ti kúrò lọ́wọ́ yín, owó orí àwọn oṣù tó kù á padà wá. Ẹ má tíì fagi lé ìbánigbófò kó tó kúrò níwájú ilé. Kẹ́ ẹ sì yẹ inú búùtù wò dáadáa, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pàápàá. Èmi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà mẹ́rin tí mo rà ní Rye Lane bá wọn lọ. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀.